Mo ti nu káàṣì, àmọ́ éjẹ́ǹtì mi ṣì ń pe owó àtijọ́

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí n'Íbàdàn, Ubuntu ni mo ń lò. Mo fi CrewAI, irinṣẹ́ Python tí wọ́n fi ń kọ éjẹ́ǹtì, kọ éjẹ́ǹtì AI kan fún àǹtí mi tó ń ta sìmẹ́ǹtì, irin àti páànù. Òun ló ń dá àwọn oníbàárà lóhùn bí wọ́n bá béèrè iye ọjà. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni àǹtí mi ti sọ àpò sìmẹ́ǹtì di ₦10,200, ₦9,500 ló ń tà á tẹ́lẹ̀. Mo ti tún fáìlì CSV tí mo kọ iye ọjà sí, tó wà nínú fódà knowledge, ṣe, àmọ́ éjẹ́ǹtì náà á pe ₦10,200 láàárọ̀, á tún pe ₦9,500 lálẹ́. Oníbàárà kan ti bá àǹtí mi jà lórí ẹ̀. Wọ́n ní káàṣì ni kí n nu, ìyẹn ẹ̀dà nǹkan tí kọ̀ǹpútà tọ́jú kó má baà tún wá a. Mo nu ti pip tó ń gba àpò Python wálẹ̀, mo nu ti Hugging Face tí mo ti ń gba módẹ́ẹ̀lì AI, nígbà tó yá mo kó gbogbo ohun tó wà nínú fódà .cache dànù. Ààyè tó 11 GB ṣí sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó ò yí padà. Dátà tí mo rà fún oṣù kan sì tán lọ́jọ́ kejì, torí gbogbo nǹkan ló tún ń gbà wálẹ̀. Wọ́n wá ní kí n lo crewai reset-memories -a. Mo ti tẹ̀ ẹ́ sórí tẹ́mínà, ó ku kí n tẹ Enter. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?”

Má tíì tẹ̀ ẹ́ o, àbúrò mi. Gbọ́wọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù ná. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú lẹ́tà rẹ, àwọn tó gbà ọ́ nímọ̀ràn sì ti lọ̀ ọ́ pọ̀ bí ata àti tòmátò: ọ̀kan ni kọ̀ǹpútà tó kún, èkejì ni owó sìmẹ́ǹtì tí kò dúró sójú kan. Àwọn méjèèjì ò bára tan. Ẹrù ńláńlá tó ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá ló kún inú kọ̀ǹpútà rẹ. Ohun tó ń yí owó sìmẹ́ǹtì, ọ̀rọ̀ kékeré ni, tí kò ju ojú ìwé kan tàbí méjì lọ, ó sì jókòó sí fódà mìíràn tí o kò tíì fọwọ́ kàn rárá. Yàrá lo fọ̀, ilé ìdáná ló ń rùn.

Mi ò bá ọ wí. Orúkọ kan ṣoṣo yìí, káàṣì, la fi ń pe nǹkan bíi márùn-ún nídìí iṣẹ́ éjẹ́ǹtì. Gbé fóònù Android rẹ, wọ ibi tí wọ́n kọ Storage sí lábẹ́ áàpù èyíkéyìí, wàá rí Clear cache, wàá sì rí bọ́tìnì kejì tó máa kó dátà áàpù náà dànù. Àwọn ìyá wa nínú ọjà pàápàá ti mọ ìyàtọ̀ wọn báyìí. Bó o bá tẹ àkọ́kọ́ lórí WhatsApp, kò séwu. Bó o bá tẹ èkejì, á ní kó o tún fi nọ́ńbà rẹ wọlé, ìjíròrò tí o kò bá sì tọ́jú síbòmíràn ti wọlẹ̀ nìyẹn. Lórí éjẹ́ǹtì, kò sẹ́ni tó kọ ìyàtọ̀ yẹn sójú bọ́tìnì fún wa. Ìbéèrè kan ni èmi máa ń bi ara mi kí n tó pa ohunkóhun rẹ́: bí èyí bá lọ, ta ni yóò dá a padà? Bó bá jẹ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì lè dá a padà, káàṣì ni, owó dátà lo máa san. Bó bá jẹ́ pé fáìlì kan tó wà lọ́wọ́ rẹ lè dá a padà, atọ́ka lásán ni, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa gbà ọ́. Bí kò bá sẹ́ni tó lè dá a padà, kì í ṣe káàṣì, orúkọ yòówù kí wọ́n fún un.

Wo ohun tó o ti kó dànù báyìí. Àṣẹ pip cache purge kì í yọ ohun tó o ti fi sórí kọ̀ǹpútà. Àwọn àpò tí pip gbà wálẹ̀, tó tọ́jú nítorí ọ̀la, ló ń dà nù, ìyẹn ò pa ọ́ lára. Ti Hugging Face ló jẹ dátà rẹ. Nínú ~/.cache/huggingface/hub, fódà módẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú models--, inú rẹ̀ lo sì ti máa bá blobs, refs àti snapshots. Blobs ni ẹrù gan-an. Ohun tó wà nínú snapshots lórí Ubuntu, ìka tó ń nawọ́ sí blobs lásán ni. Mo mọ ẹnìkan tó pa snapshots rẹ́, tó wá ń yà á lẹ́nu pé ààyè ò ṣí: ìka ló gé, ẹrù ṣì wà nílẹ̀. Ìwọ ní tìrẹ kó tìkatẹrù. Nígbà tí éjẹ́ǹtì rẹ tún nílò módẹ́ẹ̀lì náà, ó wo fódà, kò bá a, ó sì lọ gbà á wálẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ láì bi ọ́ léèrè. Bó bá jẹ́ módẹ́ẹ̀lì kékeré tí Chroma, ibi ìpamọ́ ọ̀rọ̀ tí CrewAI ń lò, fi ń sọ ọ̀rọ̀ di òǹkà lò ń lò, ìyẹn all-MiniLM-L6-v2, inú ~/.cache/chroma ló wà, ó tó nǹkan bíi 80 MB, ó ti bá wọn lọ. Bí éjẹ́ǹtì rẹ bá ń fi Playwright ṣí ojú ìwé, odidi Chromium, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, wà nínú ms-playwright lábẹ́ fódà yẹn kan náà. Nínú gbogbo èyí tí mo kà sílẹ̀ yìí, kò sí ibi tí wọ́n ti kọ iye sìmẹ́ǹtì àǹtí rẹ sí.

Ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí ni ibi tí CrewAI ń tọ́jú knowledge sí, kì í ṣe fódà tó o ń fojú rí nínú iṣẹ́ rẹ, ibi ìpamọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni. O lérò pé bí oníbàárà bá béèrè nǹkan, éjẹ́ǹtì á lọ ṣí fáìlì CSV rẹ wò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, CrewAI á ka fáìlì náà, á gé e sí ègé ègé, á sọ ègé kọ̀ọ̀kan di òǹkà gígùn kan tó dúró fún ìtumọ̀ rẹ̀, á sì kó wọn pa mọ́ sínú Chroma. Bí o kò bá yí ètò rẹ̀ padà, ègé kan lè gba tó 4,000 lẹ́tà. Fáìlì iye ọjà ṣọ́ọ̀bù kan kì í jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ, láti sìmẹ́ǹtì dé páànù, ègé kan ṣoṣo ni. Ègé náà gba orúkọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Inú ọ̀rọ̀ ègé fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò orúkọ yẹn, SHA-256, ìṣírò kan tó ń sọ ọ̀rọ̀ di àmì kúkúrú, ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí ọ̀rọ̀ ò bá yí, orúkọ ò yí, wọn ò sì ní tọ́jú nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n ìwọ sọ 9500 di 10200. Òǹkà kan ṣoṣo lo yí, orúkọ gbogbo ègé náà sì yí pátápátá. Lójú Chroma, àlejò tuntun ló wọlé. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé àlejò yìí wá gba àyè ẹnìkan.

Ó dà bí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n lẹ pépà iye ọjà mọ́ ògiri, tí ọmọọṣẹ́ wá lẹ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láì já ti tẹ́lẹ̀. Oníbàárà tó bá wọlé, èyí tójú rẹ̀ bá kọ́kọ́ bà ló máa fọwọ́ mú.

Àárọ̀ àti alẹ́ tó o sọ, kì í ṣe aago ló fà á. Bí ìbéèrè bá dé, Chroma ń wá ègé tí ìtumọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ìbéèrè náà jù. Àkọsílẹ̀ rẹ méjèèjì, ti àtijọ́ àti tuntun, jọra bí ìbejì, òǹkà kan ló fi wọ́n yàtọ̀. Nítorí náà ẹni tó kọ “Ẹ jọ̀ọ́, èló ni sìmẹ́ǹtì?” lè rí tuntun lókè, kí ẹni tó kọ “How much una dey sell one bag?” sì rí àtijọ́ lókè. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn méjèèjì ló máa jọ dé iwájú módẹ́ẹ̀lì, módẹ́ẹ̀lì á sì mú ọ̀kan. Kò sí ohun tó lè fi mọ èyí tó dé kẹ́yìn, torí ìwọ ò kọ déètì kankan sínú fáìlì náà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé o ò kọ ọ́. Kì í sábà sẹ́ni tó ń kọ ọ́.

Má gbà mí gbọ́ lásán o, lọ wò ó. Lórí Ubuntu, abẹ́ ~/.local/share ni CrewAI máa ń kó ìpamọ́ rẹ̀ sí, nínú fódà tó ń jẹ́ orúkọ fódà iṣẹ́ rẹ, àyàfi bó o bá ti fi CREWAI_STORAGE_DIR yí i padà. Wọ ibẹ̀, kó o tẹ grep -rla 9500 pẹ̀lú àmì ìdúró kan lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé kó wá gbogbo fáìlì tó wà níbẹ̀, kó sì pe orúkọ àwọn tí 9500 wà nínú wọn. Bí o bá kọ owó náà pẹ̀lú kọ́mà nínú fáìlì, bí o ṣe kọ ọ́ gan-an ni kó o wá a. Ẹ̀yin tó ń fi kọ́mà sínú òǹkà nínú CSV pàápàá, ẹ rọra ṣe: nínú CSV, kọ́mà ni ògiri tó pín iyàrá kan kúrò lára èkejì, 9,500 tí ẹ ò fi àmì ọ̀rọ̀ ká a mọ́ á di 9 níbì kan, á di 500 níbòmíràn. Bí grep bá dá ọ lóhùn pẹ̀lú chroma.sqlite3, fáìlì SQLite tí Chroma ń kó àwọn ègé náà sí, a ti mú olè náà. Kíyè sí ọ̀rọ̀ orúkọ fódà tí mo sọ yẹn dáadáa. Nítorí pé inú orúkọ fódà tó o wà ni CrewAI ti ń mú orúkọ ìpamọ́, bó o bá dúró sínú fódà mìíràn tó o pàṣẹ ìnùnù, ilé onílé lo ń gbá. Mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó ń bú CrewAI pé àṣẹ rẹ̀ ò ṣiṣẹ́.

Àwọn afurasi mìíràn wà, mi ò fẹ́ fojú fò wọ́n. CrewAI ní káàṣì tòótọ́ kan tí kò sí nínú fódà kankan: bí éjẹ́ǹtì bá lo irinṣẹ́ kan pẹ̀lú ìbéèrè kan, èsì rẹ̀ máa ń wà lórí RAM, kó má baà tún ìrìn náà rìn. Bó o bá pa prógíráàmù náà tó o tún tan án, ó ti lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé orí sáfà ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láì sinmi, tí crew kan náà (bí CrewAI ṣe ń pe ẹgbẹ́ éjẹ́ǹtì) sì ń dá gbogbo èèyàn lóhùn, èsì ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn lè ṣì wà níbẹ̀. Ìjíròrò tó ti kọjá náà ńkọ́? Bó o bá ń kó ogún ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn láàárín oníbàárà àti éjẹ́ǹtì padà fún módẹ́ẹ̀lì, ₦9,500 tó fẹnu ara rẹ̀ sọ lánàá wà nínú wọn, ó sì máa ń fẹ́ dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí àgbàlagbà tó ti sọ̀rọ̀ láwùjọ. Èyí tó kù ni káàṣì tó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ni módẹ́ẹ̀lì. Èyí táwọn èèyàn ń bẹ̀rù jù nìyí, bẹ́ẹ̀ kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Ohun tí Anthropic àti OpenAI ń tọ́jú ni iṣẹ́ tí módẹ́ẹ̀lì ti ṣe lórí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó o fi ránṣẹ́, kó má tún un ṣe. Ìdáhùn kọ́ ni wọ́n ń tọ́jú. Ti Anthropic máa ń kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 bí ẹnikẹ́ni ò bá lò ó, àyàfi bó o bá san owó fún èyí tó máa pé wákàtí kan. Ti OpenAI kì í bẹ̀rẹ̀ àfi bí ọ̀rọ̀ rẹ bá tó 1,024 tókìnì, ìyẹn ègé ọ̀rọ̀ kéékèèké tí módẹ́ẹ̀lì ń kà. Bí lẹ́tà kan bá yí ní ìbẹ̀rẹ̀, kò bá ti tẹ́lẹ̀ mu mọ́. Torí náà, bó o bá kọ aago sórí ọ̀rọ̀ ìtọ́sọ́nà éjẹ́ǹtì rẹ, níwájú gbogbo nǹkan, àǹfààní rẹ̀ lò ń dà nù nígbà gbogbo. Ìyẹn á kó bá àpò rẹ, kò lè yí owó sìmẹ́ǹtì.

Ó ku -a tó o fẹ́ tẹ̀. Àṣẹ yẹn á nu knowledge, òótọ́ ni, owó sìmẹ́ǹtì rẹ á sì tọ́. Ṣùgbọ́n á nu ìrántí ọjọ́ kúkúrú, á nu ìrántí ọjọ́ pípẹ́, á nu ohun tó ti mọ̀ nípa èèyàn kọ̀ọ̀kan, á nu èsì iṣẹ́ tó gbẹ̀yìn. Lọ́dún tó kọjá mo ní éjẹ́ǹtì kan tí mo kọ fún obìnrin aránṣọ kan ní Abẹ́òkúta. Ó ń dá àṣà aṣọ tó ti kúrò lóde fáwọn èèyàn, àrùn tìrẹ yìí gan-an ni. Mo kánjú, ọjọ́ Jímọ̀ ni, mo tẹ -a, mo dán an wò lẹ́ẹ̀mejì, ó dáa, mo lọ sílé. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè obìnrin náà pè mí. “Ẹ̀gbọ́n, Ìyá Ìbejì kọ̀wé pé kí n ran bùbá bíi ti ọjọ́sí fún òun, ẹ̀rọ yín ní òun ò mọ Ìyá Ìbejì.” Àwọn oníbàárà ti ń fi ìwọ̀n wọn ránṣẹ́ fún éjẹ́ǹtì náà láti oṣù mélòó kan: àyà 42, apá 23, gígùn 29. Ó ń rántí, aránṣọ sì ń bi í bó bá fẹ́ gé aṣọ. Èmi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń fi ṣe nìyẹn. Kò sí ìwé, kò sí fáìlì, inú ìrántí yẹn nìkan ni wọ́n wà, mo sì fi lẹ́tà kan ṣoṣo gbá gbogbo rẹ̀ síta. Wọ́n tún gbogbo èèyàn wọn wọ̀n. Ẹni mẹ́ta nínú wọn ò padà wá. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò kì í tẹ -a mọ́ lórí éjẹ́ǹtì tí ẹlòmíràn ti lò, bó ti wù kó kéré tó, tí mi ò bá kọ́kọ́ bi ẹni tó ń lò ó pé, “Kí lẹ ń sọ fún un?”

Nítorí náà, lọ bi àǹtí rẹ. Ó ṣeé ṣe kó ti máa sọ fún un pé Alhaji báyìí jẹ owó irin, pé kọngílá kan ń gba ẹ̀dínwó bó bá ra ọgọ́rùn-ún àpò. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kọ wọ́n sílẹ̀ síbòmíràn lónìí. Lẹ́yìn náà, dá éjẹ́ǹtì náà dúró pátápátá, torí kò dáa kéèyàn máa da fáìlì SQLite kọ nígbà tí prógíráàmù kan ṣì ń kọ nǹkan sínú rẹ̀. Da gbogbo fódà tó wà ní ~/.local/share yẹn kọ síbòmíràn, kò lè wúwo. Wọ inú fódà iṣẹ́ rẹ gangan, kó o wá tẹ crewai reset-memories --knowledge, ìyẹn nìkan. Bó o bá tún tan éjẹ́ǹtì náà, á ka CSV rẹ bó ṣe wà báyìí, á sì tún un gé. Iye tó máa ná ọ láti tún sọ fáìlì kékeré bẹ́ẹ̀ di òǹkà kò tó nǹkan. Fi ìbéèrè bíi mẹ́wàá dán an wò, kó o fi Yorùbá bèèrè, kó o fi Gẹ̀ẹ́sì bèèrè, kó o ṣì í kọ bí àwọn oníbàárà ṣe máa ń ṣì í kọ. Má fi grep dá ara rẹ lójú lẹ́yìn ìnùnù o. SQLite kì í sábà fọ ibi tó pa rẹ́, ó kàn máa ń sàmì sí i pé àyè ti ṣófo ni, nítorí náà 9500 lè ṣì fara hàn nínú fáìlì bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè pè é jáde mọ́.

Bó bá ṣì pe ₦9,500 lẹ́yìn èyí, á jẹ́ pé éjẹ́ǹtì ti kọ owó yẹn sínú ìrántí ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òtítọ́ kan nípa sìmẹ́ǹtì. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Nígbà náà, ìrántí ọjọ́ kúkúrú ni kó o kọ́kọ́ nu pẹ̀lú -s, kó o tún dán an wò, kó tó kan èyí tó wà fún èèyàn àti nǹkan, tí í ṣe -e. Tẹ crewai reset-memories --help kó o tó ṣe é, torí orúkọ àwọn ẹ̀ka yìí máa ń yí bí CrewAI bá ti ń jáde lákọ̀tun, èyí tí mo kọ síbí sì lè má bá èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ mu lẹ́tà sí lẹ́tà.

Àmọ́ kí n sọ èrò ọkàn mi. Ìnùnù kọ́ ni ojútùú. Owó sìmẹ́ǹtì á tún yí, ó lè má pé oṣù kan, wàá tún wà nílé ìwé, àǹtí rẹ á tún pè ọ́. Ohun tó ń yí lójoojúmọ́ kò yẹ kó wà nínú knowledge rárá. Ohun tó dáa fún knowledge ni èyí tí kì í yí: ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà, bí ẹ ṣe ń gbé ẹrù dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, irú páànù tó dáa fún ilé báyìí. Owó, kọ irinṣẹ́ kékeré kan fún un, ìlà bíi 10 nínú Python, tó máa ṣí CSV náà ní àkókò tí wọ́n béèrè, tó máa ka ìlà sìmẹ́ǹtì, tó sì máa mú un wá. Torí káàṣì orí RAM tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, fi cache_function sára irinṣẹ́ náà, kó máa dá False padà, kí CrewAI má baà tọ́jú èsì rẹ̀. Á fa iṣẹ́ ọjọ́ kan fún ọ. Á sì máa pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó dáhùn, torí módẹ́ẹ̀lì ní láti pinnu pé òun fẹ́ lo irinṣẹ́ kó tó lò ó, tókìnì tó máa ná á pọ̀ díẹ̀. Mo ṣì yàn án ju kéèyàn máa nu nǹkan lóṣooṣù. Bí ọwọ́ rẹ bá dí pẹ̀lú ìdánwò, kọ déètì sórí ìlà àkọ́kọ́ CSV náà, kó o sì sọ nínú ìtọ́sọ́nà éjẹ́ǹtì pé èyí tí déètì rẹ̀ bá sún mọ́ òní jù ni kó gbà. Ó máa ń ṣiṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Lọ́pọ̀ ìgbà yẹn ò tó fún mi níbi tí owó bá wà.

Ní ti ààyè kọ̀ǹpútà, má pa odidi .cache rẹ́ mọ́ láéláé. Tẹ hf cache ls, á to módẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan fún ọ pẹ̀lú bó ṣe wúwo tó, kó o wá fi hf cache rm yọ èyí tó o gbà wálẹ̀ lọ́jọ́ kan tó o ń ṣeré, tí o kò tún padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ti orí kọ̀ǹpútà rẹ bá ti pẹ́, huggingface-cli scan-cache àti delete-cache ni orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ níbẹ̀. Bó o bá ní háàdì díìsìkì tó o máa ń fi okùn sọ, gbé gbogbo ẹrù náà lọ síbẹ̀ kó o fi HF_HOME júwe ọ̀nà fún un. Bó o bá sì ti ní gbogbo ohun tó o nílò, kọ HF_HUB_OFFLINE=1 kó o tó tan éjẹ́ǹtì, kò ní lè yọ́ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ Hugging Face. Bí nǹkan kan bá sọnù, á kígbe, ìwọ lo máa pinnu bóyá dátà òru lo fẹ́ fi gbà á. Módẹ́ẹ̀lì tó o bá gbà pẹ̀lú Ollama kò sí lára gbogbo èyí, lórí Ubuntu, inú /usr/share/ollama/.ollama/models ni tirẹ̀ sábà máa ń wà, ollama list àti ollama rm lo máa fi bójú tó o.

Èmi ò rí kóòdù rẹ o, ohun tó o kọ ni mo gbé ìdáhùn mi kà. Bó bá jẹ́ pé orí WhatsApp làwọn oníbàárà ti ń kọ̀wé, tí ọ̀rọ̀ wọn sì ń gba ọ̀dọ̀ ìsopọ̀ mìíràn kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ éjẹ́ǹtì, ibẹ̀ náà lè ní ibi tó ń tọ́jú ìdáhùn àtijọ́ sí, kò sì sí àṣẹ CrewAI kankan tó lè débẹ̀. Ṣe grep yẹn kó o fi ohun tó bá sọ ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú ìlà mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí verbose=True, ètò tó ń jẹ́ kí CrewAI kọ ìgbésẹ̀ rẹ̀ síta, bá tẹ̀ jáde nígbà tó bá ṣi owó pè. Títí wàá fi ṣe é tán, kọ ọ́ sínú ìtọ́sọ́nà rẹ̀ pé kó má pe iye sìmẹ́ǹtì fún ẹnikẹ́ni, kó ní kí wọ́n pe àǹtí rẹ. Ní ti oníbàárà tó bínú yẹn, kí àǹtí rẹ ta tirẹ̀ fún un ní ₦9,500 lẹ́ẹ̀kan yìí. Ẹnu ẹ̀rọ yín ló ti gbọ́ ọ.